Sípíkà Kejì Wà Ní Àgùdà

Haleemah ọmọ mi,

Sìmíátù ìyá rẹ kú ní ọjọ́ Àlàmísì tó tẹ̀lé Iléyá ọdún tó kọjá, kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán. O mọ̀, ìwọ lo pa ojú rẹ̀ dé. Caroline aránṣọ, ayálégbé wa tó ń bá mi kọ ìwé yìí, ní wọn kì í bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà báyẹn, pé kí n kọ́kọ́ kí ọ, kí n bèèrè ara rẹ. Mo ní kó kọ ohun tí mo wí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí o kà á dé ìdajì kí o tó mọ ohun tí mò ń wí.

Ní báyìí, mo kí ọ. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé èyí àbíkẹ́yìn ti ń jẹun báyìí àbí ó ṣì ń pọ́n ẹnu lá? Ọlọ́run yóò dá yín sí fún mi, kò ní jẹ́ kí n fojú rí òkú ẹnikẹ́ni nínú yín. Àdúrà tí mò ń gbà nìyẹn, èyí tó kù Ọlọ́run ti mọ̀ ọ́n, n kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ara tèmi náà le. Orúnkún ń dùn mí bó ṣe ń dùn mí tẹ́lẹ̀. Pápá Àjàó wà níbi tí o fi í sí. Wọ́n gbẹ́ gọ́tà iwájú ilé wa, wọ́n kó ẹrẹ̀ rẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, òjò rọ̀, ó gbá gbogbo ẹrẹ̀ náà padà sínú gọ́tà, a sì wà bí a ṣe wà.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà láti Mushin sí Àgùdà, ibi tí mo lè jẹun àárọ̀ kí n sì fẹsẹ̀ rìn dé kí oòrùn tó mú. Fóònù tí o rà fún mi ló fà á. O fi ohùn rẹ ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan, Caroline tẹ̀ ẹ́ fún mi, o kí mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọ lóhùn, àmọ́ o kò dúró. Bí mo ṣe ń sọ pé ara mi le ni ìwọ ń sọ̀rọ̀ òògùn lọ. Mo ní kí o dúró, o kò dúró. Mo ní kí Caroline tún tẹ̀ ẹ́ bóyá ara rẹ á ti balẹ̀, o tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí n kò bá wí rárá. Èmi àti ìyá rẹ kò kọ́ ọ láti máa sọ̀rọ̀ lé bàbá rẹ lórí. N kò bínú. Mo kàn ní kí n kọ ìwé, kí èmi náà lè sọ tèmi tán.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ orin ìyá rẹ ni mo fẹ́ sọ. O mọ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ọjọ́ Jímọ̀ ni kì í pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Oto, á dé, á kírun Àsárì, á wá fi àwo wákà rẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà, àwo kan ṣoṣo yẹn, á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, á da bọ́tìnnì tó fẹ́ tà sínú àtẹ, á máa ṣà wọ́n ní àwọ̀ àwọ̀, á máa bá obìnrin inú àwo kọrin. Èmi á dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn. N kò fẹ́ràn orin náà. Mo sọ fún un nígbà tó wà láyé, mo tún ń sọ ọ́ báyìí, ariwo ni. Àmọ́ mo máa ń sùn dáadáa níbẹ̀.

Nígbà tí a ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ tán tí Ááfà Abdullateef jókòó láti pín ohun tí ìyá rẹ fi sílẹ̀, aṣọ kò dá ìjà sílẹ̀, ìkòkò kò dá ìjà sílẹ̀, àfi ìgbà tó kan ẹ̀rọ yìí. O ní ìwọ lo fi owó kún owó ìyá rẹ tó fi rà á. Àmínù àbúrò rẹ ní òun ló fi orí rù ú wọlé nígbà tí ọlọ́kọ̀ já a sílẹ̀ lójú títì. O ní kó yé fi ẹrù tó rù fọ́nnu, pé ara ìyá yín kò tíì tutù tó fi lọ jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní ẹ́ńjìnnì mọ́tò tìrẹ ni kò tíì tutù, pé bí o ṣe dé síbi ìsìnkú ni o ti ń wo ọ̀nà àtipadà. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, etí mi kò di. Ááfà wá ní kí ẹ dákẹ́, pé ìyá ni ẹ̀rọ náà, ọmọ ni àpótí méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ìyá dúró sọ́dọ̀ mi, kí kálukú yín mú ọmọ kan. Àmínù mú ọ̀bẹ ìdáná, ó gé wáyà. O gbé tìrẹ sẹ́yìn mọ́tò, ó gbé tirẹ̀ lọ sí Oto. Ó tẹ́ Ááfà lọ́rùn. Ó tẹ́ èmi náà lọ́rùn, nítorí mo rò pé ìrọ̀rí ni àwọn àpótí yẹn, bí a ṣe ń gbé ìrọ̀rí sí apá àga, pé inú ẹ̀rọ gan-an ni ohùn wà. Ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ kàwé, ẹ mọ̀, ẹ kò sọ.

Láti ìgbà náà ni ẹ kò ti kí ara yín. Ní Iléyá ọdún yìí, àárọ̀ lo wá, o sì ti lọ kí ẹran tó jinná. Àmínù dúró sínú ṣọ́ọ̀bù Jude onígbàjámọ̀ tó wà níwájú ilé wa títí mọ́tò rẹ fi kúrò, ó ní irun lòun ń gẹ̀. Irun wo? Orí Àmínù ti pá.

Lẹ́yìn Iléyá náà ni ọjọ́ Jímọ̀ kan dé, ìyá rẹ ti pé ọdún nínú ilẹ̀, ilé sì dákẹ́ jù. N kò lè sùn lọ́sàn-án. Mo ní kí n fi àwo náà sínú ẹ̀rọ. Iná rẹ̀ tàn, mo rí i tí àwo ń yí, kò fọhùn. Mo dúró dè é, mo rò pé ó pẹ́ tí wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn ni. Kò fọhùn. Mo rò pé òtútù òjò ti mú un, mo gbé e jáde sí fàráńdà, mo tẹ́ ẹní fún un, mo sá a sóòrùn bí a ṣe ń sá ẹ̀wà tó ní kòkòrò, mo ń yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí oòrùn lè dé ibi gbogbo. Nígbà tí mo gbé e wọlé ó gbóná bí ẹni tí ibà mú, síbẹ̀ kò fọhùn.

Jude ló wá wò ó. Ó ní kò ní sípíkà. Ó gbé sípíkà ńlá tó máa ń gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá, èyí tó ga dé ìbàdí mi, ó fi wáyà so ó mọ́ ọn. Ó fọhùn lóòótọ́, àmọ́ irú ohùn wo nìyẹn? Ó ń jáde bí ẹni tó fi ẹ̀kọ gbígbóná sẹ́nu tí kò lè gbé e mì tí kò sì lè tu ú. Ìlù rẹ̀ ń mi fèrèsé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé ènìyàn. Nígbà tí Caroline bá sì ki áyọ́ọ̀nù tó fi ń lọ aṣọ oníbàárà bọ iná nínú yàrá rẹ̀, gbogbo ohùn náà á rẹlẹ̀, á máa wọ́ bí ẹni tí oorun ń kùn. Caroline ní kí n má dárúkọ áyọ́ọ̀nù òun nínú lẹ́tà. Mo ní kó kọ ọ́, ó sì ti kọ ọ́.

Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀. Mo jókòó ti ẹ̀rọ náà nírọ̀lẹ́, obìnrin kan fọhùn nínú rẹ̀ lójijì, ó sọ gbólóhùn kan ní èdè Òyìnbó, ohùn rẹ̀ tutù. Mo rò pé àlejò ló wọlé. Mo dé fìlà, mo kí i káàbọ̀, mo ní kó jókòó. Kò jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Jude sáré wọlé, ó ní kí n má bínú, pé fóònù òun ló ṣèèṣì wọ inú ẹ̀rọ mi. Mo bi í pé gba ibo ló gbà wọlé, ó ní afẹ́fẹ́. Mo ní kó lọ bá fóònù rẹ̀ wí, kó máa kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé ẹni, pé ilé opó ọkùnrin kọ́ ni kó máa já wọ̀ báyẹn. Ó ní ó ti yé òun. Láti ìgbà náà, aṣọ ni mo fi ń bo ẹ̀rọ náà tí n kò bá lò ó.

Mo wá ránṣẹ́ pe Ọ̀jẹ̀túndé. O rántí rẹ̀, òun ló ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé alágbo, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó kọ́kọ́ ní eruku ni, ó fi òwú nu ojú tí ẹ̀rọ fi ń wo àwo, kò yí padà. Ó ní iná ni, pé iná àdúgbò wa kò lókun, kí a dúró di ìgbà tí Caroline bá yọ áyọ́ọ̀nù. Ó yọ ọ́, ohùn náà gbéra díẹ̀, àmọ́ ẹ̀kọ gbígbóná ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wá yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ síwájú, ó rí orí wáyà méjì tí Àmínù gé. Ó bi mí pé kí lèyí. Mo sọ bí a ṣe pín in fún un. Ọ̀jẹ̀túndé rẹ́rìn-ín títí tó fi ọwọ́ ti ògiri. Ó ní ta ló ń pín ẹ̀rọ bí ẹran Iléyá? Ó ní ṣé èmi ni mo gba orí, ta ló wá gba itan? Mo ní bó bá rẹ́rìn-ín tán kó jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ. Ó ní kò sí ohun tó ń ṣe é, pé sípíkà Jude ló tóbi ju agbára rẹ̀ lọ, pé àwọn àpótí méjì tí ẹ kó lọ ni wọ́n ṣe mọ́ ọn, kí n lọ kó wọn padà.

Mo ránṣẹ́ sí Àmínù ní Oto nítorí òun ló rọrùn láti rí, ẹnu iṣẹ́ tìrẹ kì í sì í gba ìpè. Wọ́n ní àga ni ó fi tirẹ̀ ṣe, pé orí rẹ̀ ni àwọn aránṣọ tó wá ra síìpù ń jókòó sí. Mo rò pé yóò jiyàn. Kò jiyàn. Lọ́jọ́ náà gan-an ló gbé e dé léjìká, ó ti nù ún, Ọ̀jẹ̀túndé sì so wáyà rẹ̀ pọ̀. Haleemah, ohùn náà jáde, ó mọ́ gaara, bí omi inú ìkòkò amọ̀. Kò sí ẹ̀kọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Àmọ́ akọrin kò sí níbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́gbè wà, gbogbo wọn pé, wọ́n ń gbè é, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ìlù ń lọ. Obìnrin tó máa ń dá orin ni a kò gbọ́. Wọ́n á dákẹ́ fún un, kò ní sí ẹnì kankan tó sọ̀rọ̀, wọ́n á sì tún dáhùn. Wọ́n ń dá ẹni tí kò fọhùn lóhùn. Bí mo bá tẹ́tí dáadáa ni mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ fírífírí, bí ẹni tó ń peni láti ẹ̀yìn ògiri ilé kejì. Mo bi Caroline bóyá akọrin náà ti kú, pé bí akọrin bá kú, ṣé wọ́n máa ń lọ yọ ohùn rẹ̀ kúrò nínú gbogbo àwo tó ṣe ni? Ó ní rárá, Bàbá, wọn kì í yọ ọ́. Ó wojú mi títí lẹ́yìn tó sọ bẹ́ẹ̀. N kò mọ ohun tó ń wò.

Ọ̀jẹ̀túndé ló tú u. Ó ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, wọ́n á kó àwọn kan sí apá ọ̀tún, wọ́n á kó àwọn mìíràn sí apá òsì, bí ìgbà tí àwùjọ ènìyàn jókòó yí agbo ká. Ó ní apá tí Àmínù gbé wá ni wọ́n kó ẹlẹ́gbè sí. Ó ní apá tí akọrin jókòó sí ni kò sí nílé. Mo ní ó wà ní Àgùdà. Ó ní ó dáa, kó bọ̀ wálé.

Mo fẹ́ kí o mọ ohun tí Àmínù ṣe. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ìyá yín máa ń jókòó sí, kì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀, ibẹ̀ ni wáyà gùn dé. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́gbè dákẹ́ fún akọrin, tí akọrin kò sọ̀rọ̀, Àmínù dá orin náà. Ohùn rẹ̀ kò dáa, o mọ ohùn rẹ̀. Ó dá èkíní, wọ́n dáhùn. Ó dá èkejì, wọ́n dáhùn. Ó dé ibì kan, ó dúró, àwọn ẹlẹ́gbè dáhùn láìjẹ́ pé ó sọ nǹkan kan. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní òun kò mọ ibẹ̀, pé Àǹtí Haleemah ló mọ ibẹ̀, pé ìwọ àti Màámi lẹ máa ń kọ ọ́ pọ̀ nígbà tí òun bá ń pọnmi. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ẹ̀rọ omi bóyá ó ń jò. Kò jò. Mo ti wò ó láàárọ̀.

Nígbà tó wọlé padà mo ní kó wá ọ lọ sí Àgùdà. Ó ní òun kò lè dé ilé ẹni tó pe òun ní olè ogún. Mo ní o kò pè é ní olè, pé mo wà níbẹ̀. Ó ní ohun tí o sọ náà kò jìnnà sí i. N kò bá a jiyàn mọ́, nítorí lóòótọ́ kò jìnnà sí i, ohun tí òun náà sọ sí ọ kò sì dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣáà sùn sílé lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sùn síbí mọ́ láti ọdún tó kọjá.

Mo ti rí sípíkà tìrẹ. Ìgbà tí mo wá kí yín nígbà tí ọmọ rẹ ń gbóná ara, mo rí i nínú pálọ̀ rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, o tẹ́ aṣọ funfun sórí rẹ̀, o gbé òdòdó oníke kalẹ̀ lé e. Mo rò pé ìrọ̀rí ni. Ní báyìí mo mọ̀ pé inú ibẹ̀ ni akọrin jókòó sí láti ọdún kan, tí o gbé òdòdó lé e lórí.

Ohun tí mo fẹ́ kí o fi ránṣẹ́ kò pọ̀. Mo fẹ́ òróró ìpara orúnkún, èyí tó ń ta, kì í ṣe èyí tó ń rùn dídùn. Mo fẹ́ owó tí n ó fi ra wáyà tuntun, nítorí èyí tí Àmínù gé ti kúrú. Jọ̀wọ́, fi owó náà lé èèyàn lọ́wọ́ kó gbé e wá. Má ṣe fi í ránṣẹ́ sínú fóònù mọ́. Èyí tí o fi ránṣẹ́ nígbà àwẹ̀, fóònù dún pé ó ti wọlé, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, bátìrì nìkan ni mo bá níbẹ̀. Caroline ní ilé ìfowópamọ́ ló wà. Kí ló dé tí fóònù wá sọ pé ọ̀dọ̀ òun ló wọlé?

Ọlọ́run yóò tọ́jú ilé rẹ. Ọmọ rẹ yóò jẹun, yóò sanra. Ọkọ rẹ kò ní dágbére ilé kó má padà dé. Àánú tí o ṣe fún ìyá rẹ lórí àìsàn, tí o ń gbé e lọ gbé e bọ̀, ìwọ náà yóò rí ọmọ tí yóò ṣe é fún ọ, yóò sì pẹ́ kí o tó nílò rẹ̀. Èmi bàbá rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀jẹ̀túndé ní òun lè wá so wáyà kejì láìgba ohunkóhun. Mo ní kó má wá. Orí wáyà tìrẹ wà lẹ́yìn ẹ̀rọ níbẹ̀, mo fi àkísà wé e. Àmínù ló gé e, ìwọ lo gbé ìyókù lọ, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó so ó. Ọjọ́ Jímọ̀ ni Àmínù máa ń wá sílé báyìí, lẹ́yìn Àsárì, ó máa ń jókòó síbi tí mo wí yẹn, ó ń kọrin dé ibi tí kò mọ̀, á sì dìde lọ wo ẹ̀rọ omi. Èmi kò mọ orin náà, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀, n kò lè kọ́ Àmínù. N kò ní pè ọ́, n kò ní rán Àmínù sí ọ, n kò ní bẹ Ááfà kó wá parí ìjà. Mo ti sọ ibi tí nǹkan náà ti já fún ọ. Ìwọ ni àkọ́bí Sìmíátù. Gbé òdòdó yẹn kúrò lórí rẹ̀, èyí tó kù di ọwọ́ rẹ.